Ẹtu Tó Ń Sáré Lórí Bẹ́ǹṣì Tẹ́lọ̀

Ẹjọ́ tó dé ààfin Baálẹ̀ lánàá kì í ṣe ẹjọ́ ilẹ̀, kì í ṣe ẹjọ́ ewúrẹ́ tó jẹ iṣu oníṣu. Ẹjọ́ ikùn ni. Ikùn ọ̀hún fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé, kí ẹni tó ni ín tó tẹ̀lé e.

Ẹni tó ni ín ni Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ́lá, tíṣà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iṣẹ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ, ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo ẹnu yín: eré ìdárayá ni. Òun ló ń fọn fèrè kí àwọn ọmọ tó sáré. Láìpẹ́ yìí, abẹ́ igi máńgòrò ló ti ń fọn ọ́n, lórí àga, pẹ̀lú tìmùtìmù lẹ́yìn. Nígbà tí òun náà wà lọ́mọ ilé ìwé, gbogbo eléré ìje láti Ìyìn dé Ìgèdè, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀, wọn kì í rí iwájú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo Adó fi ń pè é ní Ẹtu. Orúkọ náà ṣì wà. Ẹtu ni a ò rí mọ́.

Ààfin tí mo sì ń wí yìí, ẹ má jẹ́ kó tóbi jù lójú yín. Pálọ̀ Baálẹ̀ ni, lẹ́yìn òpópónà Adébáyọ̀ ní Adó, tí wọ́n to àga yí ká. Akínbọ́lá ti rò pé ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, pé wọ́n á bá wọn sọ ọ́ díẹ̀, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á túká. Ìgbà tó rí i pé wọ́n ti pín píọ̀ wọ́tà fún ìgbìmọ̀, tí àwọn aládùúgbò sì ti kún ojú fèrèsé, ó fa ikùn rẹ̀ sínú. Kò pẹ́ tí ikùn náà fi tún yọ jáde.

Baálẹ̀ wúkọ́. Olóyè Ajíbádé jókòó sápá ọ̀tún rẹ̀, ó ń tòògbé. Olóyè Fúnkẹ́mi, nọ́ọ̀sì àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, jókòó sápá òsì, ojú rẹ̀ là kedere.

"Monínúọlá," Baálẹ̀ pe ìyàwó Akínbọ́lá, tó ń ṣiṣẹ́ ní káńsù Ìgèdè, "kí ni ọkọ rẹ fi ṣe ọ́?"

"Irọ́ ló ń pa fún mi, Bàbá."

Olóyè Ajíbádé la ojú kan. "Lórí obìnrin?"

"Ìbá ṣe obìnrin ni, sà, mi ò ní yọ yín lẹ́nu, mà á ti yanjú ẹ̀ nílé. Lórí eré ni."

"Eré wo?"

"Eré sísá. Ó ní òun ń sáré láràárọ̀. Kò sáré!"

Ẹ̀rín sọ lójú fèrèsé. Baálẹ̀ gbé ọwọ́ sókè, ẹ̀rín náà rọlẹ̀.

"Ṣàlàyé ara rẹ, ìyàwó wa."

"Bàbá, dókítà ló ní ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ń ru. Ó ní bí kò bá jí gìrì, tí kò jẹ́ kí ikùn yìí wálẹ̀, òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ pé bàbá ẹ̀ wọ balùwẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò fẹsẹ̀ ara ẹ̀ jáde. Ọjọ́ orí tí bàbá fi lọ yẹn, ọdún yìí ni ọkọ mi pé e. Ó wá búra fún mi pé láràárọ̀ lòun ó máa sáré. Kí n tó wọkọ̀ lọ Ìgèdè, á ti wọ ṣòkòtò péńpé, á wọ kánfáàsì, á fọn fèrè nínú yàrá, ó ti jáde nìyẹn. Bí mo bá ti ń múra tán, á padà dé, á tutù rinrin láti orí dé àyà. Ọkàn mi á balẹ̀. Mo tiẹ̀ ti jáde síwájú ìjọ, mo ti jẹ́rìí ẹ̀!"

"Kí ló wá dé?"

"Ikùn ni ò gbọ́ ẹ̀rí náà, Bàbá."

Akínbọ́lá wo ikùn rẹ̀ bí ẹni pé ọmọ ẹlòmíì ni. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Òun náà ò mọ ọjọ́ tí èyí wọlé.

Monínúọlá ki ọwọ́ bọ inú ọ̀rá, ó yọ kánfáàsì méjèèjì síta, ó dojú wọn dé sórí tábìlì. "Ẹ wo ìdí bàtà. Láti ìgbà tó ti ń sáré, ẹ wò ó!"

Olóyè Fúnkẹ́mi wọ awò ojú. Ó yí bàtà síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. "Orúkọ àwọn tó ṣe é ṣì wà níbẹ̀ ketekete. Bàtà yìí ò tíì mọ ilẹ̀ Adó."

"Ẹsẹ̀ mi ló fúyẹ́, mà," Akínbọ́lá dáhùn. "Ẹtu kì í tẹ ilẹ̀ lágbára."

"Kì í tẹ kí ni?" ni Olóyè Fúnkẹ́mi bi í.

"Bó bá sì ṣe ti òógùn," Monínúọlá ò jẹ́ kó sinmi, "aṣọ tó fi sáré lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìgbà tí mo fẹ́ fọ̀ ọ́, ẹ̀fọ́ rírò ni mo rí lọ́rùn ẹ̀. Ẹ bá mi bi í, òógùn wo ló ń mú ẹ̀fọ́ jáde?"

Baálẹ̀ kọjú sí olùjẹ́jọ́. "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Akínbọ́lá, ṣé o ń sáré ni àbí o ò sáré?"

Akínbọ́lá dìde, ó tún kọ́là rẹ̀ ṣe. Ní ilé ni ó ti to ọ̀rọ̀ yìí, ó sì dùn lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó ń wẹ̀.

"Bàbá, mò ń gbéra láti sáré. Àwọn ará ìlú ni ò gbà."

"Wọ́n ń dè ọ́ lẹ́sẹ̀?"

"Wọ́n ń kí mi ni."

"Ìkíni wá di ẹ̀ṣẹ̀?"

"Bàbá, ọmọ Èkìtì tí wọ́n tọ́ dáadáa ni mí. Ṣé mo lè sáré kọjá lára àgbà? Mo bá bàbá kan lẹ́nu géètì, mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní ilé ńkọ́? Mo ní a dúpẹ́. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Orí fífọ́ àná ńkọ́? Mi ò tíì dìde, bàbá kejì ti yọ, òun náà ní ilé ńkọ́? Kí n tó kí wọn dé ìkóríta, agogo ilé ìwé ti lù. Bí mo bá sì rí àyè sáré, ewu ni. Wọ́n ní a kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Ọjọ́ kan tí mo sáré gba ọ̀nà Ìyìn, àwọn kan tó ń lọ sóko ju ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n tẹ̀lé mi. Wọn ò bi mí nǹkan kan, a ṣáà jọ ń sá lọ. Ìgbà tó rẹ̀ wá tán, tí a dúró, ni wọ́n wá ń bi mí pé, 'Tíṣà, kí ló ń lé wa?'"

"Irọ́!" Monínúọlá kígbe.

"Òótọ́ ni," Olóyè Ajíbádé sọ, láìla ojú. "Èmi náà wà lára wọn. Mi ò tíì rí ọkọ́ mi títí dòní."

Baálẹ̀ wò ó títí.

Olóyè Fúnkẹ́mi ló fọhùn. "Bàbá, ìdọ̀bálẹ̀ tó ń wí yẹn, eré ìdárayá gidi ni. Bó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ló ń lọ sílẹ̀ tó ń dìde láràárọ̀, ikùn yìí ì bá ti ṣí lọ. Ẹ jẹ́ kó dọ̀bálẹ̀ ká wò ó."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Baálẹ̀ wí. "Akínbọ́lá, kí wa."

Akínbọ́lá dọ̀bálẹ̀. Ikùn ló kọ́kọ́ dé ilẹ̀. Nígbà tí ikùn dé, ìyókù ara ò lè dé mọ́: orí wà lókè, ẹsẹ̀ wà lókè, ó wá ń mì síwá sẹ́yìn bí igbá tí ìdí rẹ̀ kò dúró sílẹ̀. Ó fẹ́ dìde, ọwọ́ kò gbé e. Àwọn méjì ní láti wọlé láti ojú fèrèsé kí wọ́n tó gbé e nàró. Bó ṣe wà nílẹ̀ yẹn, ó rántí pé òun fúnra òun ló fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri pápá ilé ìwé pé, "Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké." Ẹ̀rín ara rẹ̀ pa á, ojú sì tì í.

"Ó dàbí pé ó pẹ́ tó ti kí ènìyàn kẹ́yìn," Olóyè Fúnkẹ́mi sọ.

"Ó pẹ́ gan-an ni!" Ohùn kan wá láti kọ̀rọ̀. Màmá Òkè ni, ìyá tó dàgbà jù ládùúgbò, tó ń gbé orí òkè, tó sì máa ń wá gbọ́ ẹjọ́ bí ẹlòmíì ṣe ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde. "Ṣé ẹ ní ó ń kí àgbà? Ulé mi rèé lókè, ẹnu ọ̀nà mi náà ló ń gbà kọjá. Kò fẹsẹ̀ kọjá ńbẹ̀ rí. Ẹ̀yìn ọ̀kadà ló ti ń juwọ́ sí mi: 'Ẹ káàárọ̀ o, Màmá!' Kí n tó ní 'káàárọ̀, ọmọ mi', ó ti lọ. Eruku ni mò ń dá lóhùn."

"Ọ̀kadà?" Gbogbo ilé pariwo.

"Mò ń gùn ún lọ síbi tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré ni," Akínbọ́lá sọ wéré. "Ibi tó dáa láti sáré jìnnà sílé wa."

"Níbo nìyẹn?"

Ó rí i pé òun ti já sí kòtò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan ló kù. "Ẹ pe Sàlàkọ́ tẹ́lọ̀. Ẹlẹ́rìí mi ni. Ẹni tó ń rí mi lójoojúmọ́ ni."

Wọ́n pe Sàlàkọ́. Ó wọlé pẹ̀lú téèpù lọ́rùn, ó kí Baálẹ̀, ó kí ìgbìmọ̀, ó ṣẹ́jú sí Akínbọ́lá. Gbogbo ènìyàn ló rí ojú tó ṣẹ́.

"Wọlọ́hì, Bàbá, Tíṣà ń sáré. Bí mo bá ti kírun àsùbá tán, tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, ni mo máa ń rí i."

"Tó ń sáré kọjá?"

"Tó ń sáré... kì í kọjá, sà. Ojú kan ló ti ń sá a."

"Ojú kan wo?"

"Orí bẹ́ǹṣì mi."

"Ó ń dúró sáré lórí bẹ́ǹṣì?"

"Ó ń dùbúlẹ̀ ni, sà."

Baálẹ̀ tẹ̀ síwájú lórí àga. "Sàlàkọ́, ènìyàn ṣe ń dùbúlẹ̀ sáré?"

"Lójú oorun ni, Bàbá. Bí ẹ bá gbọ́ bó ṣe ń mí, ẹ̀yin náà á mọ̀ pé eré yẹn ò kéré."

Akínbọ́lá fi ọwọ́ bo ojú. Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ láàárín ìka. Ẹni bá ní ẹlẹ́rìí báyìí, kí ló tún fẹ́ fi ọ̀tá ṣe?

"Ìwọ lo ń rán aṣọ rẹ̀?" Olóyè Fúnkẹ́mi bi í.

"Èmi ni, mà."

"Láti ìgbà tó ti ń sáré yìí, ṣé o ti bá a dín ìbàdí ṣòkòtò kankan kù?"

"Rárá, mà. Mò ń bá a tú u ni. Mo tú u títí aṣọ fi tán nínú ẹ̀. Èyí tó wọ̀ yìí, kọ́tìnnì ṣọ́ọ̀bù mi ni mo gé lé e lẹ́yìn."

"Yíjú padà, Akínbọ́lá," ni Baálẹ̀ wí.

"Bàbá, aṣọ òde òní ló ń súnkì..."

"Mo ní yíjú padà."

Akínbọ́lá yíjú padà. Òdòdó pupa kan tó ní ewé méjì wà láàárín ìdí ṣòkòtò náà, ó mọ́lẹ̀ rekete. Ẹ̀rín tó sọ, ẹni tó ń lọ lójú títì ní Adébáyọ̀ á gbọ́ ọ. Baálẹ̀ pàápàá fi abẹ̀bẹ̀ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ni Kùdírátù, ìyàwó Sàlàkọ́, ti sáré wọlé, ó kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá ọkọ mi wí! Àánú ló ṣe wá! Tíṣà ló ní ìyàwó òun kì í fún òun lóúnjẹ."

Monínúọlá dìde dúró. "Èmi?"

"Ó ní ẹ ti kọ oúnjẹ fún òun, mà. Ó ní ewé lásán lẹ fi ń bọ́ òun bí ewúrẹ́. Ni mo bá ń gún iyán fún un láràárọ̀."

"Iyán! Láàárọ̀ kùtù!"

"Pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti ẹran ìgbẹ́, mà. Bó bá jẹun tán, á sùn. Bó bá jí, ooru iyán á máa mú un, á ní kí n da píọ̀ wọ́tà lé òun lórí kóun tó lọ sílé. Mi ò mọ̀ pé òógùn ló ń fi ṣe."

Olóyè Ajíbádé la ojú méjèèjì fún ìgbà àkọ́kọ́. "Iṣu ibo lo fi ń gún un?"

"Iṣu Ìgèdè ni, sà."

"Kì í lẹ́mọ?"

"Ajíbádé!" ni Baálẹ̀ wí. Ajíbádé padà sídìí oorun rẹ̀.

Akínbọ́lá rò pé bí òun bá pa ẹ̀fẹ̀ kan sí i báyìí, ọ̀rọ̀ lè di eré lọ. Ó la ọwọ́ méjèèjì. "Bàbá, àwọn baba wa ló kúkú ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn..."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ojú Monínúọlá ni gbogbo wọn ń wò.

"Bàbá," obìnrin náà sọ, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "n ò torí iyán wá síbí. Èmi náà mọ iyán gún. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bó bá sùn lálẹ́, mo máa ń gbé ọwọ́ lé e láyà kí n tó lè sùn tèmi. Bó bá wá jí, tó fọn fèrè ẹ̀ yẹn, tó ní òun ń lọ sáré, mà á ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, n ò ní di opó lọ́dún yìí. Ọkọ̀ Ìgèdè tí mo bá wọ̀, orin ni mò ń kọ dé ibi iṣẹ́. Ìbàlẹ̀ ọkàn mi yẹn, òun ló ń fi jẹ iyán."

Sàlàkọ́ yọ téèpù kúrò lọ́rùn, ó ń ká a mọ́ ìka. Ọ̀rọ̀ tí Akínbọ́lá tò sílé ti tán.

"Akínbọ́lá," Baálẹ̀ sọ wẹ́rẹ́, "sọ òótọ́ fún wa."

Akínbọ́lá wo kánfáàsì rẹ̀ lórí tábìlì. "Mo sáré lóòótọ́ níbẹ̀rẹ̀, Bàbá. Mo fẹ́ràn ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì pé lọ́jọ́ tí mo dé ẹsẹ̀ òkè, èémí já mọ́ mi lọ́fun. Mo jókòó sórí gọ́tà. Àwọn ọmọ ilé ìwé mi ló bá mi níbẹ̀, àwọn tí mò ń fọn fèrè fún. Wọ́n ní, 'Ṣé ká gbé yín ni, sà?' Wọn ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ìyẹn ló tiẹ̀ dùn mí jù. Ìgbà náà ni Olúwafẹ́mi tí a jọ ń sáré ìje nígbà yẹn wá kọjá nínú mọ́tò ẹ̀. Ó yọ orí síta, ó ní, 'Ẹtu! Ta ló ta ọ́ níbọn?'" Ó yí ojú kúrò lára ìyàwó rẹ̀. "Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá wọ kánfáàsì, mà á dé ìta, ẹsẹ̀ mi á kọ̀. Mo mọ̀ pé ikú bàbá mi ń bẹ níwájú. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí, Bàbá. Ìtìjú yẹn lágbára ju ìbẹ̀rù ikú lọ."

Monínúọlá yíjú sí i. Kò mọ èyí rí.

Ìgbìmọ̀ forí korí. Olóyè Fúnkẹ́mi ní kí wọ́n ní kó máa fò sókè sódò nínú àgbàlá ààfin láràárọ̀, kí òun máa kà á. Olóyè Ajíbádé ní ọ̀rọ̀ yìí ò le, kí wọ́n gbé odó Kùdírátù wá sílé òun, òun á bá wọn tọ́jú ẹ̀. Baálẹ̀ gbọ́ ti àwọn méjèèjì, ó fọ ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú píọ̀ wọ́tà, ó sì mú ọ̀pá rẹ̀, èyí tó ní orí idẹ, ó fi lu ilẹ̀.

"Akínbọ́lá, mi ò ní rán ọ lọ sáré. Dókítà ti rán ọ, o ò lọ. Ìyàwó rẹ rán ọ, orí bẹ́ǹṣì lo gbà lọ. Èmi, ìkíni ni mo fẹ́ rán ọ. Ìwọ náà lo kúkú ní ìkíni ò jẹ́ kó o ráyè. Láti ọ̀la lọ, kí ojú tó mọ́ tán, wàá wá síbí, wàá gba ọ̀pá yìí lọ́wọ́ mi, wàá gbé e gun òkè lọ bá Màmá. Wàá ní, 'Baálẹ̀ ní kí n kí yín, ó ní ṣé ẹ jí.' Èsì tí wọ́n bá fún ọ, wàá gbé e padà wá fún mi. Bó o sáré, bó o rìn, bó o fikùn wọ́, ìyẹn kò kàn mí. Ẹni tó bá gbé ọ̀pá Baálẹ̀ dání, kì í dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni lọ́nà. Àwọn ló ń dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀pá. Ẹni tó bá sì fi ìránṣẹ́ mi ṣẹ̀sín, èmi ló fi ṣe, á wá rò ó níhìn-ín. Ojú wo ló wá kù tó fẹ́ tì ọ́? Ọ̀pá yìí sì rèé, kò gun ọ̀kadà rí láyé ẹ̀."

Akínbọ́lá ń wá ibi tó máa gbà yọ. "Bí òjò bá ń rọ̀ ńkọ́, Bàbá?"

"Òjò kì í ní kí Màmá má jí."

"Bí ó bá rẹ̀ mí?"

"Bó o bá débẹ̀, sọ fún wọn."

"Bí mi ò bá wá lọ ńkọ́?"

Baálẹ̀ kọjú sí kọ̀rọ̀. "Màmá, ọjọ́ tí oòrùn bá yọ, tí ìkíni mi ò dé ọ̀dọ̀ yín, kí ẹ yáa mọ̀ pé Akínbọ́lá ti kú."

"Ukú?" ni Màmá Òkè bi í, ojú rẹ̀ ń tàn.

"Ikú ni. Kí ẹ sunkún ẹ̀ bó ṣe yẹ, kí òkè gbọ́, kí ìsàlẹ̀ gbọ́. Kí Monínúọlá wọ dúdú. Kí àwọn ọmọ ilé ìwé wá kí i kú àtẹ̀mọ́ra. Kí Sàlàkọ́ rán aṣọ òkú, kó fi kọ́tìnnì tó ṣẹ́ kù rán an. Kí Akínbọ́lá jókòó sáàárín pálọ̀ ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kó máa gbọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fún un ní nǹkan jẹ. Òkú kì í jẹ iyán."

"Bàbá, ẹ ṣàánú mi!"

"Àánú náà nìyẹn. Sàlàkọ́, lọ gbé bẹ́ǹṣì yẹn wá. Èmi ni yóò máa jókòó lé e."

Ó gbá ọ̀pá mọ́lẹ̀. Ẹjọ́ parí.

Ibi tí ì bá ti tán nìyẹn, bí kò bá ṣe pé òjò ló jí Adó láàárọ̀ òní. Òjò tó fìdí múlẹ̀, tó mọ ohun tó wá ṣe. Akínbọ́lá gbọ́ ọ lórí páànù, ó fa aṣọ bora. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé àgbàlagbà ni Baálẹ̀, kò lè ní kí òun wọ òjò lọ. Ó ní ẹ̀fẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ó ní bí òjò bá dá díẹ̀.

Monínúọlá ò bá a sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó ṣí àpótí aṣọ, ó yọ bùbá dúdú kan àti ìró rẹ̀. Ó tan áyọ́ọ̀nù. Ó ń lọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́, ó ń wọ́n omi sí i, ó tún ọrùn rẹ̀ ṣe dáadáa.

Akínbọ́lá fò dìde. Kò ráyè fọn fèrè. Kánfáàsì òsì ló wọ̀ sí ọ̀tún, ibi tó ti ń bọ́ ọ pààrọ̀ ló ti jáde. Ó gba ọ̀pá nílé Baálẹ̀, ó kọjú sí òkè. Ó sáré títí èémí fi já, ó wá ń rìn. Ó rìn títí èémí fi padà, ó tún sáré. Ó jókòó sórí gọ́tà kan náà. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n gbé e. Ọ̀pá orí idẹ ń dán lọ́wọ́ rẹ̀ nínú òjò, àwọn tó ń kọjá ń tẹrí ba fún un. Mọ́tò kan dúró. Olúwafẹ́mi ni, ẹni tó bèèrè ẹni tó ta Ẹtu níbọn. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ó rí ọ̀pá, ó pa ẹnu dé. Ó bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀. Akínbọ́lá gba ìkíni náà tọkàntọkàn, ó sì tún dìde.

Ó kù díẹ̀ kó dé orí òkè ló gbọ́ ẹkún. Orúkọ rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Irun orí rẹ̀ dìde.

"Màmá! Mo dé o! Mi ò kú o!"

Màmá Òkè jókòó sábẹ́ ìloro, ó wé gèlè dúdú, omijé wà lójú rẹ̀ lóòótọ́. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Mo rí ọ. O pẹ́. Mo ti sunkún rẹ dé ààbọ̀. Jókòó, jẹ́ kí n parí ẹ̀. A kì í gé ẹkún sáàárín."

Ó jókòó sórí ilẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó di ọ̀pá mú. Ìyá náà sì bá ẹkún rẹ̀ lọ. Ó sunkún Ẹtu tí wọ́n rán níṣẹ́ lọ sí Ìyìn, tó dé kí ìkòkò ìyá rẹ̀ tó hó. Ó sunkún bàbá Akínbọ́lá, tó máa ń gun òkè yìí wá kí i láràárọ̀, tó sọ pé òun á wá lọ́la. Ó sunkún obìnrin kan ní Adébáyọ̀ tó ń lọ aṣọ dúdú. Akínbọ́lá ò mọ ìgbà tí omi ojú tirẹ̀ dà pọ̀ mọ́ òjò. Kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni máa ń dúró de bàbá òun lórí òkè yẹn, kò sì mọ̀ pé ikú òun alára yóò dun ènìyàn tó báyìí.

Ẹkún parí. Akínbọ́lá nu imú, ó gbé ọ̀pá dúró.

"Màmá, Baálẹ̀ ní kí n kí yín. Ó ní ṣé ẹ jí."

Màmá Òkè tú gèlè dúdú náà, ó ká a, ó fi í sí ìtòsí, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó o lọ́la.

"Sọ fún un pé mo jí," ó ní. Ó tún wò ó, bó ṣe rẹ tó, bó ṣe ń mí. "Sọ fún ìyàwó rẹ pé ìwọ náà jí."